Orúkọ Méje Inú Oko Rozalia

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá wú abẹ̀bẹ̀ imú bàálù tó dúró nínú oko rẹ̀, Rozalia Gawlik ti jókòó sídìí rẹ̀ kí wọ́n tó dé. Àpótí kékeré tó fi ń jókòó fún wàrà ló gbé lọ síbẹ̀. Ó tẹ́ àpò sórí itan, ó sì ń bó ọ̀dùnkún bí ẹni tó wà nínú ilé ìdáná rẹ̀. Opó ni, ó ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún, ó kúrú, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ní gbogbo Olchowiny, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí Rozalia bínú sí òun láàárọ̀, nítorí ìbínú náà kì í tán kó tó di ọjọ́ kejì.

Katakata kan ló gbé wọn wá. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí ni, àti Zenon Kurzawa, ọmọ Apolonia tó ń gbé ilé tó kẹ́yìn nísàlẹ̀ abúlé. Zenon ti di òṣìṣẹ́ ìjọba ní ìlú. Ó wọ kóòtù gígùn aláwọ̀ eérú, ó sì há báàgì awọ mọ́ abíyá.

"Ẹ káàárọ̀, ìyá ìsàmì mi," ni Zenon wí.

"Ta ni ìyá ìsàmì ẹ?" Rozalia ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ọmọ tí mo gbé lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kìíní, tó tọ̀ sí mi láṣọ tuntun, ọmọ èèyàn nìyẹn. Èyí tó wá ń wú sàréè kiri, mi ò mọ̀ ọ́n."

"Kì í ṣe sàréè mọ́, Màmá. Irin lásán ni. Ọdún kẹta rèé tí wọ́n ti kó egungun àwọn tó kú nínú bàálù náà lọ sí ìlú."

"Wọ́n kó wọn sínú kòtò kan ṣoṣo, wọ́n wá kọ ọ́ sórí ẹ̀ pé a ò mọ orúkọ wọn. Ta ni ò mọ orúkọ wọn? Èmi mọ̀ ọ́n." Ó fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gbá páànù tó wà lára abẹ̀bẹ̀ náà, ó dún gbàn-ín. "Orúkọ wọn rèé. Ìwọ náà, ibí yìí lo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe lẹ́tà pọ̀."

Òótọ́ ni, Zenon sì mọ̀ pé òótọ́ ni, ó kàn gbójú sápá kan ni.

Abẹ̀bẹ̀ irin náà, èyí tí abúlé yọ lára bàálù kan tí wọ́n sì rì mọ́ orí sàréè àwọn tó kú nínú rẹ̀, ga ju èèyàn lọ. Àgbélébùú onígi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, páànù kan sì wà láyà rẹ̀, tí alágbẹ̀dẹ abúlé gé jáde lára bàálù náà, tó fi ìṣó tẹ orúkọ sí i ní tótó, tótó. Ọdún méje sẹ́yìn, nígbà tí Warsaw ń jóná, ni bàálù ajubọ́ǹbù yẹn já lulẹ̀ sí oko Rozalia ní ìdájí. Àwọn méje ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti Ítálì fò wá, wọ́n ju ìbọn àti oúnjẹ sílẹ̀ fún àwọn tó ń bá Jámánì jà, wọ́n ń padà lọ ni Jámánì yìnbọn mọ́ wọn. Rozalia ń lọ fún wàrà lọ́wọ́. Ó rí àmì ara bàálù náà, ó rò pé àwọn ará Ìlú Ọba ni. Ó bá mẹ́fà tó ti kú. Ẹnì keje wà lábẹ́ igi, ẹ̀yìn rẹ̀ ti kán. Ọmọkùnrin náà wò ó, ó ní, "Ìyá, abúlé wo nìyí?"

Èdè tí Rozalia fi ń bá màlúù rẹ̀ sọ̀rọ̀ ló fi bèèrè. Ọmọ Poland ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Rozalia, kò sí ohun tó tíì bà á lọ́kàn jẹ́ tó ìbéèrè yẹn.

Kò tọrọ omi. Ó di ọwọ́ obìnrin náà mú, ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọnù," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún un, orúkọ kan, ìka kan. Teofil Rudnik. Kajetan Mroczek. Bolesław Sitarz. Hieronim Pałka. Seweryn Bielawa. Ọwọ́ ọ̀tún tán. Ó di àtàǹpàkò òsì mú: Witalis Okoń. Nígbà tó dórí ìka ìlábẹ̀, ó ní, "Èmi ni Lucjan." Ó la ẹnu láti dárúkọ baba rẹ̀, ẹ̀mí sì bọ́ lára rẹ̀.

Rozalia ò mọ̀wé. Ìka rẹ̀ ni ìwé rẹ̀. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran; ó ń sunkún lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n orúkọ kan ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, láti ọjọ́ náà wá, ó ń kà wọ́n láràárọ̀ bó ṣe ń fa ọmú màlúù. Ìdí nìyẹn tí páànù yẹn fi ju irin lọ lójú rẹ̀. Kò sí ibòmíràn nílé ayé tí orúkọ àwọn méje náà wà pọ̀.

"Àwọn wo ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún?" Zenon ń ka ohun tí wọ́n kọ́ ọ. "Àwọn ọ̀gá ìjọba àtijọ́ tó sá lọ sí London ni. Ìjọba ò lè jẹ́ kí a máa bọ irú àwọn bẹ́ẹ̀ láàárín oko ọ̀dùnkún."

"Zenon, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. O ti rí kóòtù. Ìgbà tí wọ́n ń kú sínú oko yìí, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lo wà."

Awakọ̀ katakata bú sẹ́rìn-ín, ó yára pa ẹnu dé. Zenon mi orí sí àwọn ọkùnrin náà. Wọ́n gbé Rozalia tòun ti àpótí rẹ̀, wọ́n gbé e ka àárín poro. Ọ̀bẹ ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀dùnkún ò bọ́ lórí itan rẹ̀, èébú ò sì dá lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n fi sípánà tú páànù, wọ́n so ṣéènì mọ́ abẹ̀bẹ̀, katakata sì fà á yọ bí ẹní fa eyín. Nígbà tó kan àgbélébùú, kò sẹ́ni tó gbé àáké. Awakọ̀ náà fọwọ́ sàmì àgbélébùú sí ara rẹ̀, ó gun orí katakata, ó ní iṣẹ́ òun parí. Zenon náà ò sọ pé kó padà.

Oṣù kẹwàá ti ń parí lọ lọ́jọ́ náà. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kó di ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́.

Ọjọ́ yẹn ni olúkúlùkù ilé ní Olchowiny máa ń kọ orúkọ òkú rẹ̀ sínú ìwé pélébé kan, tí Fádà á sì kà wọ́n sókè ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sàn-án kí wọ́n tó gbé àbẹ́là lọ sí itẹ́ òkú. Láti ilé àkọ́kọ́ lókè abúlé ló ti ń bẹ̀rẹ̀ títí dé nọ́mbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n nísàlẹ̀. Orúkọ ilé ló ń kọ́kọ́ pè, àwọn òkú á tẹ̀ lé e, òkú tí wọn ò bá sì kọ orúkọ baba rẹ̀, orúkọ ilé ni tirẹ̀. Rozalia ti pinnu. Bí irin bá lọ, ẹnu ò lọ. Ó gbọ́dọ̀ gbọ́ orúkọ méjèèje ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn.

Ó bá Fádà Kalikst nínú ṣọ́ọ̀ṣì, nídìí pẹpẹ. Ọmọdé ni Fádà náà, ó máa ń há ìwé mọ́yà bí ẹni tí òtútù ń mú.

"Zenon ti ṣáájú yín dé, Màmá," ni Fádà wí. "Ó ní n ò gbọdọ̀ ka orúkọ ẹni tí kì í bá ṣe òkú ilé tó fi ìwé sílẹ̀. Mo ti fọwọ́ síwèé."

"Ẹ fọwọ́ síwèé!"

"Tí n ò bá fọwọ́ sí i, wọn ò ní jẹ́ kí n ka ẹnì kankan rárá, títí kan ọkọ yín."

Rozalia fọwọ́ lé ìbàdí. "Òkú ilé, àbí? Ta ló ń sọ ẹni tó jẹ́ òkú ilé? Ṣé Zenon náà ni?"

Fádà Kalikst gbé ìwé tó há mọ́yà kalẹ̀. Ó wò yí ká, bẹ́ẹ̀ àwọn ère nìkan ló wà níbẹ̀. "Ohun tí onílé bá kọ ni mò ń kà, Màmá. N kì í bi onílé pé ta ló bí ta."

"Ẹ ṣeun, Fádà. Ẹ jẹun dáadáa, ẹ ti rù jù."

Báyìí ni Rozalia bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn. Òun á mú Lucjan, ẹni tó kú sí òun lọ́wọ́. Ó ku mẹ́fà, ó sì fẹ́ ilé mẹ́fà. Kò bẹ ẹnikẹ́ni; ṣe ló ń pín wọn fún wọn bí ẹni pín iṣẹ́ oko.

"Bolesław Sitarz ni tìẹ," ló sọ fún alágbẹ̀dẹ.

"Ọwọ́ mi ló kọ páànù yẹn, Rozalia. Ìyẹn nìkan ti tó kó mi sí wàhálà."

"Ìyẹn ni mo ṣe fún ọ lẹ́nì kan péré."

Olóyin ní wọ́n á kó ilé oyin òun lọ. Agbẹ̀bí ní òun á rò ó. Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì tí wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ láti ọdún tí baba wọn ti kú jọ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú, ìyẹn sì ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n jọ ṣe láti ọjọ́ tó pẹ́. Rozalia gba ojú fèrèsé pariwo fún wọn: "Hieronim Pałka! Ẹ má bá mi kọ ọ́ sódì!"

Walenty, baálẹ̀, ló kàn lẹ́yìn wọn. Òun ló máa ń bá Rozalia kọ ìwé òkú lọ́dọọdún. Ó ti ilẹ̀kùn, ó ti fèrèsé, ó sọ ohùn kalẹ̀.

"Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìwọ obìnrin yìí. Zenon ní kí n máa sọ gbogbo ohun tí abúlé bá ń ṣe fóun."

"Sọ fún un nígbà náà. Ṣùgbọ́n kọ tèmi kó o tó lọ. Szczepan, ọkọ mi. Kọ Lucjan tẹ̀ lé e."

Walenty yára kọ ọ́. "Tí wọ́n bá bi mí, ọwọ́ òsì ni mo fi kọ ọ́. Kò jọ ìkọ̀wé mi."

"Ìkọ̀wé ẹ ò jọ ìkọ̀wé kankan tẹ́lẹ̀. Teofil Rudnik ni tìẹ, òun ló wa bàálù náà. Olórí fún olórí."

"Èmi ò gbọ́ nǹkan kan!"

"Etí ẹ ti gbọ́ ọ." Ó gba ìwé rẹ̀, ó bọ́ síta.

Ilé tó kẹ́yìn ni ilé Apolonia Kurzawa. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń da ẹyẹ gúúsì. Apolonia jókòó sídìí ààrò, ó ń ya ìyẹ́ gúúsì fún ìrọ̀rí, ìyẹ́ funfun ti bò ó títí dé orúnkún.

"Witalis Okoń ni tìẹ," ni Rozalia wí látẹnu ọ̀nà.

"Mi ò gbà á."

"O ò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ kó o fi ṣe."

"Odindi abúlé ló ti gbọ́ ariwo ẹ. Ọmọ mi ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, Rozalia. Tí ilé tèmi bá wà nínú ẹ̀, wọ́n á lé e, wọ́n lè tì í mọ́lé. Òun nìkan ló kù fún mi. Ìwọ ò bímọ, o ò lè mọ̀ ọ́n."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Rozalia lára. Àádọ́ta ọdún ni wọ́n ti ń ṣọ̀rẹ́, Apolonia ò sọ ọ́ rí.

"Òótọ́ ni, mi ò bímọ," ló wí. "Ìwọ bí méjì. Ludwik tí àwọn Jámánì mú lọ ńkọ́? Níbo ni wọ́n sin ín sí?"

"Má dá Ludwik sí i."

"Ó lè jẹ́ pé obìnrin kan wà níbì kan tó mọ orúkọ ẹ̀ lórí ìka. Tí wọ́n bá wá sọ fún un pé kó dákẹ́ ńkọ́, ṣé kó dákẹ́?"

"Jáde nílé mi!"

Rozalia jáde. Ó sunkún lójú ọ̀nà, ó fi ìborí nu ojú, ó sì bú Apolonia títí tó fi délé, ṣùgbọ́n ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ilé mẹ́fà, kò sí ẹyọ kan tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́ kejì, ó ju ìwé tirẹ̀ sínú àpótí tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Òun nìkan ló máa ń tètè fi tirẹ̀ sílẹ̀. Ní Olchowiny, kò sẹ́ni tí í mú ìwé òkú wá kí aago tó lù. Fádà tó ṣáájú pariwo títí ó fi kú, wọn ò yí padà. Walenty sì lọ jíṣẹ́ fún Zenon bí wọ́n ṣe pàṣẹ fún un: Rozalia kan ilẹ̀kùn mẹ́fà, ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́, òjò ń rọ̀ wẹliwẹli, ṣọ́ọ̀ṣì sì kún fún òórùn aṣọ tútù. Aago lù. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, gbogbo wọn rọ́ dé lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń ti ìwé bọ Fádà lọ́wọ́, ní abíyá, nínú agbádá rẹ̀, débi tí kò fi lè rìn dáadáa dé orí àga ìwàásù. Rozalia jókòó ní ìlà kejì, Walenty wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó rí Apolonia lápá kejì, kò kí i. Zenon dúró nídìí omi ìwẹ̀nùmọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó mú ìwé kékeré lọ́wọ́ kan, pẹ́ńsù lọ́wọ́ kejì.

Fádà bẹ̀rẹ̀. Ilé kìíní. Ilé kejì. Ilé kẹta. Ilé kẹrin. Rozalia tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí itan, ó yọ ìka méje sókè. Ilé tirẹ̀, ilé karùn-ún, ló kàn.

"Ilé karùn-ún," ni Fádà Kalikst wí. Ó dúró, ó yẹ àwọn ìwé náà wò síwá sẹ́yìn, ojú rẹ̀ funfun. Ó gbójú wo Rozalia. Ó wá ń bá a lọ, nítorí kò sí ohun tó lè ṣe.

Ìwé rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Rozalia kọ́kọ́ rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. Ó wẹ̀yìn, ó rí Zenon tó ń wo ilẹ̀, ó sì mọ ẹni tó yọ ọ́ nínú àpótí. Wọn ò ní pe Lucjan. Szczepan pàápàá, ọkọ tó fẹ́ níṣu lọ́kà, tí kò mọ bàálù, tí kò mọ London, wọn ò ní pè é. Inú bí i débi tí etí rẹ̀ ń hó. Ó fọwọ́ ti àga, ó fẹ́ dìde, ó fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ pè wọ́n ní méjèèje kí wọ́n wá wọ́ òun jáde.

Walenty di etí ìró rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn. "Jókòó, olórí kunkun," ló wí wúyẹ́wúyẹ́. "Fara balẹ̀ gbọ́ ná."

"Ilé keje," ni Fádà ń kà, ilé alágbẹ̀dẹ nìyẹn, "Marcin, Agata, Bolesław Sitarz."

Rozalia jókòó. Ìka kan wálẹ̀. Lẹ́nu ilẹ̀kùn, pẹ́ńsù Zenon gbéra.

Ilé kọkànlá, ti olóyin: Kajetan Mroczek. Ilé kẹrìnlá, ti àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò: baba wọn, ìyá wọn, Hieronim Pałka. Fádà ṣí ìwé tó tẹ̀ lé e, ó dáwọ́ dúró. Ìkọ̀wé kejì ni, ilé kan náà, Hieronim Pałka kan náà. Ẹni kìíní ò tíì bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀, olúkúlùkù sì ti kọ tirẹ̀. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín nínú ìjọ, ẹ̀rín náà sì jọ ẹkún. Ilé kọkàndínlógún, ti Walenty baálẹ̀: Teofil Rudnik. Rozalia ò bojú wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ bí Walenty ṣe ń mí bí ẹni tó sáré gun òkè. Ilé kẹtàlélógún, ti agbẹ̀bí: Seweryn Bielawa.

Ọwọ́ ọ̀tún ti di ìkúùkù. Àwọn tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn rèé! Kò sẹ́ni tó sọ fún ẹnì kejì. Ẹ̀rù ti kọ́ wọn láti máa dá ṣe nǹkan. Zenon ń kọ, ó ń kọ, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀ nínú òtútù. Ẹ̀rù ò ba Rozalia mọ́. Ṣùgbọ́n ìka méjì òsì ṣì wà lókè, àtàǹpàkò àti ìlábẹ̀, ilé sì ń tán lọ. Méjìdínlọ́gbọ̀n. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ọgbọ̀n. Ẹnu Lucjan tó là tí ọ̀rọ̀ ò jáde mọ́ ń padà wá sí i lójú.

"Ilé kọkànlélọ́gbọ̀n," ni Fádà wí. "Ilé Kurzawa."

Pẹ́ńsù Zenon dúró.

"Antoni. Ludwik." Fádà fa ìwé náà mọ́ra, ó tún un kà sínú, ó wá gbé ohùn sókè ju bó ti ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. "Witalis Okoń. Szczepan Gawlik. Àti Lucjan."

Rozalia tẹ ìka méjèèjì kalẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ó sì rọra gbójú wo apá kejì. Apolonia jókòó gbọnrangandan, ìyẹ́ gúúsì kan ṣì lẹ̀ mọ́ ìborí rẹ̀. Kò wo ẹnikẹ́ni.

"Fún wọn ní ìsinmi àìnípẹ̀kun, Olúwa," ni Fádà wí. Ìjọ sì dáhùn lóhùn tó mi gíláàsì fèrèsé.

Níta, lábẹ́ òjò, àwọn èèyàn ń tan àbẹ́là. Zenon dúró lábẹ́ igi, ìwé kékeré náà ṣì wà ní ṣíṣí lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́mbà ilé márùn-ún wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ márùn-ún, nítorí kò sí bó ṣe lè kọ ẹ̀ṣẹ̀ ilé láìkọ orúkọ tí ilé náà pè. Rozalia lọ bá a tààrà.

"Ó ku ilé kan," ló wí. "Mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Kọ ọ́."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́ kẹ̀? Lucjan ò rójú dárúkọ baba ẹ̀ kó tó kú. Ó lọ́dún méje tí mo ti ń kà á láìní baba. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, wọ́n sì ti pè é mọ́ òkú ilé yín lónìí lójú gbogbo ìjọ. Lucjan Kurzawa. Ẹ̀gbọ́n ẹ ni. Kọ ọ́ dáadáa, má fi lẹ́tà kankan sílẹ̀."

Apolonia ti dé ẹ̀yìn wọn. "Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni mò ń gbọn eruku kóòtù ẹ," ló sọ fún ọmọ rẹ̀. "Mo bá ìwé Rozalia nínú àpò. Kí ni Szczepan ṣe ọ́? Ẹṣin rẹ̀ ló gbé ọ dé ọ̀dọ̀ dókítà nígbà tí ibà fẹ́ pa ọ́."

"Wọ́n lè tì mí mọ́lé, Ìyá mi."

"Mo mọ̀. Mi ò sùn láti Ọjọ́bọ̀. Tó o bá máa kọ ilé márùn-ún, kọ ìkẹfà. Ilé ìyá ẹ náà ni."

Zenon wo ìyá rẹ̀, ó wo Rozalia, ó wo àwọn ará abúlé tó ti dúró pẹ̀lú àbẹ́là lọ́wọ́, tí wọn ò kúrò. Ó pa ìwé dé. Ó fi í sápò, ọwọ́ rẹ̀ sì bá ìwé pélébé kan jáde, èyí tí Walenty bá Rozalia kọ. Ó nà án sí Rozalia. Rozalia gbà á, kò dúpẹ́.

"Irin mi ńkọ́?" ló wí.

"Kò sí lọ́wọ́ mi mọ́, Màmá. Wọ́n ti yọ́ ọ."

"Wá òmíràn."

Ó fa Apolonia lọ́wọ́, wọ́n sì gbé àbẹ́là méje lọ sí inú oko, sí ẹsẹ̀ àgbélébùú tí kò sẹ́ni tó lè gé. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, Apolonia ní, "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọ lọ́jọ́ yẹn." Rozalia ní, "Gbé iná wá, òjò fẹ́ pa á."

Kò sẹ́ni tó wá béèrè nǹkan kan láti ìlú. Lọ́dọọdún, ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń kọ orúkọ tiwọn, aago ń lù, wọ́n ń rọ́ bá Fádà lójijì bí ìṣe wọn. Ọdún tí Apolonia kú, Rozalia rò pé ilé kọkànlélọ́gbọ̀n ti tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìwé kan ti dé sínú àpótí ṣáájú gbogbo ìwé, láti ọ̀nà ìfìwéránṣẹ́, ìkọ̀wé náà gún régé bí ti ọ́fíìsì: Antoni, Ludwik, Apolonia, Witalis Okoń, Lucjan Kurzawa.

Rozalia ti di arúgbó nígbà náà, etí rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́rọ̀ mọ́. Ó gbọ́ èyí nígbà tí Fádà kà á. Ó tẹ ìka ìlábẹ̀ òsì kalẹ̀, ó yíjú sí ẹnu ilẹ̀kùn níbi tí ọkùnrin kan tó ti ń hewú dúró sí nídìí omi ìwẹ̀nùmọ́, ó sì fi ohùn tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́ bèèrè pé, "Irin mi ńkọ́, Zenon?"